Oníwàásù Tó Wá Láti Òdìkejì Odò

Ẹ fa àga yẹn sún mọ́ ibí, ohùn mi kò ròkè mọ́. Lánàá, nígbà tí ẹ ń jẹun lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa bodè tí wọ́n tún tì yìí. Ọ̀kan nínú yín ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí àwọn Ègùn máa lọ sí ìlú wọn. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ojú sì ń tì mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo sọ ọ́. Ẹni tó sọ ọ́, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Ìdòwú ni. Àwọn tó rẹ́rìn-ín, ọmọ-ọmọ tèmi ni, Ègùn sì ni bàbá tó bí ìyá wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún yín rí. Ìtìjú ló pa àwa àgbà lẹ́nu mọ́, a sì fi yín sílẹ̀ kí ẹ máa fọ́nu bí ẹni tí kò ní ìtàn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, kò sí ẹni tó ń pe odò yẹn ní bodè. Odò ni. A ń fọ aṣọ níbẹ̀, a ń rẹ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ná ọjà lápá ọ̀hún yóò ká aṣọ sókè dé orúnkún, yóò gbé igbá rù, yóò là á kọjá. Àwọn ará ọ̀hún ń gbé ẹja yíyan wá, àwa ń gbé gàrí àti epo lọ. Ẹlòmíràn ń sùn lápá ibí, oko rẹ̀ wà lápá ọ̀hún. Bí obìnrin kan bá ń rọbí nílé wa tí agbẹ̀bí wa kò sí nílé, òdìkejì ni a ó ránṣẹ́ sí, agbẹ̀bí tibẹ̀ yóò sì dé pẹ̀lú omi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìlaròó lónìí, ẹ sì lè má rí odò yẹn fún odidi ọdún kan. Àwa, ojoojúmọ́ ni.

Ohun tí etí mi rántí jù ni ìró àdá lórí ọ̀pẹ láàárọ̀. Ẹni tó ń kọ ọ̀pẹ yóò fi igbà so ara rẹ̀ mọ́ igi, yóò gùn ún débi tí orí rẹ̀ yóò fi wọ inú màrìwò, àwa nísàlẹ̀ yóò sì máa gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́, lẹ́yìn náà ìdì ẹyìn yóò já bọ́ lulẹ̀ gbì. Báyìí ni mo ṣe kọ́kọ́ rí ọkọ mi. Mi ò rí ojú rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí.

Sẹ́tónjí ni orúkọ rẹ̀. Ìtòsí Àjàṣẹ́, lápá ọ̀hún odò, ni wọ́n ti bí i. Ó wá bá bàbá mi kọ ọ̀pẹ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, kò sì padà mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì lọ́hùn-ún ló ti kọ́ bí a ṣe ń ka Bíbélì èdè wa, nítorí náà Yorùbá inú Bíbélì ni Yorùbá tó gbọ́. Bó bá fẹ́ ra ata lọ́wọ́ ìyá mi, yóò dúró gbọnin, yóò ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ata díẹ̀ fún ìránṣẹ́ yín.” Ìyá mi a rẹ́rìn-ín títí, a sì bu ata kún un.

Bàbá mi kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í lọ sí mọ́ṣáláṣí déédéé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó mú Sẹ́tónjí lọ sí etí odò, ó fi àdá sàmì sára àwọn igi yíká ilẹ̀ kan, ó ní kó máa dá oko níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Ìdòwú wà pẹ̀lú wọn, èmi náà gbé omi tẹ̀lé wọn. Sẹ́tónjí béèrè pé, “Ṣé ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo nìkan ni, bàbá, tàbí mo lè gbin igi?”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí a bá fún nílẹ̀ dáko kì í sábà gbin igi, torí igi kì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Bàbá mi wo ojú rẹ̀, ó ní, “Gbin ohun tó bá wù ọ́. Ibo lo tún ń lọ?”

Ni ó bá gbin obì. Ìdòwú ló bá a gbẹ́ ihò tó gbin wọ́n sí.

Ọjọ́ Ìsinmi ni kì í lọ sóko. Yóò wẹ̀, yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, yóò gbé Bíbélì jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí òun fúnra rẹ̀ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, yóò sì máa kà á sókè. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ ń lọ, nítorí ọ̀nà tó ń gbà pe ọ̀rọ̀. Àwọn ìyá wọn tẹ̀lé wọn. Kí a tó mọ̀, ìjọ ti wà. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún un. Iṣu àti ẹ̀wà ni a ń gbé lọ sílé rẹ̀, bó bá sì ń ṣí ewé Bíbélì, ilẹ̀ oko ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Inú oko ló ti ń múra ìwàásù sílẹ̀. Bí ẹ bá gba ẹ̀bá oko rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń bá ewé ẹ̀gẹ́ wí pé kí wọ́n ronú pìwà dà.

Ọjọ́ kan wà tí a ò gbàgbé. Ó fẹ́ kí a wá ro àyíká ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá kéde pé ní Sátidé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan mú ọkọ́ rẹ̀ wá. Ahọ́n Ègùn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gòkè. Ohun tí gbogbo wa gbọ́ ni pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan mú ọkọ rẹ̀ wá. Opó kan dìde, ó ní, “Oníwàásù, èmi tí tèmi ti kú ńkọ́?”

Ó dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé, “Ẹ yá ti aládùúgbò yín lò.”

Àtíbàbà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, àwọn obìnrin mú ọkọ wọn wá lóòótọ́. Mùsùlùmí wá, àwọn tó ń bọ Ògún wá, pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, wọ́n ro ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì lábúlé wa, yóò kọ́kọ́ ní òun kò wá yá ọkọ o.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, àwọn mọ̀lẹ́bí ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé àlejò ni. Bàbá mi kò dá wọn lóhùn. Ó yíjú sí Ìdòwú, ó béèrè ohun tó rò. Ìdòwú ní, “Bí kì í bá ṣe Sẹ́tónjí, ta ni?” Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbọ́ ìyẹn dáadáa, torí òótọ́ ni. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n jọ ń ṣe àáró ni, wọ́n ro oko ẹni yìí lónìí, wọ́n ro ti ẹnìkejì lọ́la. Nínú abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà. Ìdòwú kọ́ Ègùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó lè bú èèyàn ní Ègùn, oníwàásù a sì máa fi ọwọ́ di etí.

Ìkórè nígbà náà kì í ṣe irú tiyín, tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta tí ẹ̀yin fúnra yín kò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Agogo wa, rìǹgì taya ọkọ̀ akẹ́rù ni, tí a so kọ́ ẹ̀ka igi. Bí wọ́n bá lù ú láàárọ̀ ọjọ́ Ìkórè, àwọn ará òdìkejì yóò dáhùn pẹ̀lú orin. A ó kọ́kọ́ gbọ́ wọn, orin náà yóò máa bọ̀ láti inú ìkùukùu lójú odò, lẹ́yìn náà ni a ó rí orí wọn tó ru ẹja, àgbọn àti ọ̀pẹ òyìnbó. Wọ́n ń kọrin ní Ègùn, àwa ń kọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn orin kan náà ni. Rìǹgì taya náà kò sí mọ́. Ẹnì kan ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni nǹkan yí padà. Àwọn obì ti ń so dáadáa nígbà náà. Ìdòwú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí àwàdà, pé obì ọmọ onílẹ̀ kò tó ti àlejò. Ọkọ mi a rẹ́rìn-ín, a ní kó wá ká lára wọn. Ìdòwú a ká, kò sì ní rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ní ìyàwó kejì, ilé rẹ̀ ti kún, ilẹ̀ tó kù fún un sì ti ṣá. Mo rí i pé ó ń gba ẹ̀bá oko yẹn kọjá lọ́pọ̀ ìgbà tí kò ní iṣẹ́ kankan lọ́nà ibẹ̀.

Àwọn sọ́jà gbàjọba, wọ́n sì ti bodè pa. Àwa kò tètè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí a ò mọ̀ pé a ní bodè. Aṣọ́bodè dé sí etí odò, wọ́n lu ihò sí ìdí àwọn ọkọ̀ tí a fi ń sọdá nígbà òjò. Ẹja yíyan kò wá mọ́. Gàrí kún ilé, ó ń bàjẹ́. Ìkórè ọdún náà, a lu agogo, a dúró, orin kankan kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni rédíò sọ pé gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kí wọ́n padà sí ìlú wọn.

Ọ̀sán gangan ni mọ́tò àwọn aṣọ́bodè wọ abúlé wa. Wọ́n jókòó níwájú ilé baálẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn jáde. Ọ̀gá wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń nu òógùn. Ó bi baálẹ̀ pé, “Bàbá, ta ni kì í ṣe ọmọ ibí nínú àwọn èèyàn yìí?”

Baálẹ̀ wo gbogbo wa yí ká. Ó ní, “Ọmọ mi ni gbogbo wọn.”

Ọ̀gá náà mi orí, ó dìde, ó ti ń pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi. Kò pariwo rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán èèyàn létí nǹkan kékeré kan. “Ẹ bi oníwàásù léèrè ibi tí wọ́n ti bí i.”

Kò sí ẹni tó yíjú wò ó. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá náà padà jókòó, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó pe ọkọ mi síwájú. Ó ní, “Bàbá, baálẹ̀ ní ọmọ òun ni yín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Ṣé ẹ rí i pé ó ṣílẹ̀kùn fún un? Bẹ́ẹ̀ ni péré ló kù kó sọ. Àwọn obìnrin ìjọ ń sọ ọ́ lábẹ́ èémí, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Ó dúró gbọnin, bó ṣe ń dúró níwájú ìyá mi tó bá fẹ́ ra ata.

“Baálẹ̀ fẹ́ràn mi ni,” ó ní. “Òdìkejì odò ni wọ́n ti bí mi.”

“Ẹ ní ìwé?”

“Mi ò ní.”

Wọ́n ní kó lọ mú aṣọ. Bíbélì ló mú, àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Mo pọn Rúùtù, ìyá tiyín, mo sì ń tẹ̀lé e lọ síbi mọ́tò. Ìdòwú di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ìwọ kì í ṣe Ègùn. Padà sílé.” Mo wo ojú rẹ̀. Mi ò tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí, ó dà bí ojú ẹni tó ju òkúta tí kò rò pé yóò ba ẹnì kan. Mo já ọwọ́ mi gbà, ṣùgbọ́n mọ́tò ti ṣí. Ìdìrókò ni wọ́n gbé e gbà, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lápá ọ̀hún.

Ẹ wò ó, ìtìjú náà kò dé lọ́jọ́ yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dé. Mo jáde lọ pọn omi, àwọn obìnrin tó wà lójú ọ̀nà yà sínú igbó kí wọ́n má baà pàdé mi. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi. Wọn ò mọ bí wọn yóò ṣe kí mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnì kan lu agogo, àwọn èèyàn wá, wọ́n jókòó, kò sì sí ẹni tó lè dìde ka nǹkan kan. A jókòó títí, a sì túká. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó lu agogo mọ́. Èmi náà kò lè gbé ojú sókè, nítorí ẹnu tó lé ọkọ mi lọ, ọmú kan náà ni èmi àti ẹnu ọ̀hún jọ mu. Tí wọ́n bá ń bú Ìdòwú, èmi ni wọ́n ń bú. Tí wọ́n bá ń ṣàánú mi, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń bú.

Nígbà tí obì gbó, Ìdòwú ká a. Ó gbé agbọ̀n kan ránṣẹ́ sí mi pé ìpín tèmi nìyí. Mi ò gbé e wọlé. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà títí kòkòrò fi jẹ ẹ́, tí òjò sì gbé ìyókù lọ. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló rí i, òun náà rí i.

Ibi ìfọṣọ ni mo ti tún rí ọkọ mi. Odò ti fà nígbà náà, àwọn aṣọ́bodè sì ti lọ jẹun. Ó yọ lápá ọ̀hún pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, ó ti gbẹ. Ilẹ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń bá a ro. Ẹ̀rù àwọn aṣọ́bodè kò jẹ́ ká là á kọjá, a kàn dúró kọjú sí ara wa. Ó béèrè Rúùtù. Ó béèrè baálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìdòwú ńkọ́?”

Mo ń wo aṣọ ọwọ́ mi.

“Ṣé ara rẹ̀ le?”

“Ó le, Bàbá Rúùtù.”

“Sọ fún un pé ọyẹ́ ti ń bọ̀. Kó ro ẹ̀bá oko obì yẹn yí ká kí iná tó dé. Apá ìlà-oòrùn ni iná máa ń gbà wọlé. Òun náà mọ̀ ọ́n.”

Mo rò pé ó ń fi í ṣẹ̀sín. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé rárá. Igi rẹ̀ ló ń rò, ó sì ń rán ẹni tó ti ń bá a ro oko náà láti ọjọ́ pípẹ́ níṣẹ́. Mo gbé aṣọ, mo lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìdòwú jókòó lórí àpótí, ó ń pọ́n àdá. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, oníwàásù ní kí n kí yín. Ó ní kí ẹ ro ẹ̀bá oko obì kí iná tó dé, pé apá ìlà-oòrùn ni iná máa ń gbà wọlé.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àdá. Ó ní, “Kí ló tún sọ?”

“Ó béèrè bóyá ara yín le.”

Ó dìde, ó lọ. Òun nìkan ló ro ẹ̀bá oko náà yí ká, kò pe ẹnikẹ́ni, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kankan tẹ̀lé e. Iná dé lọ́dún náà, ó jó títí dé etí ibi tó ro, ó sì kú síbẹ̀. Láti ìgbà náà kò ká obì yẹn mọ́. Ó ń gbó, ó ń bọ́ sílẹ̀, ẹranko ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí bodè, ọkọ mi fi ẹsẹ̀ rìn wọ abúlé lọ́sàn-án, àwọn ọmọdé sì sáré ṣáájú rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. Ó ń fa wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ọmọ wọn. Ìdòwú gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí lọ. Bó bá rí ọkọ mi lọ́nà oko, yóò yà sínú igbó. Ọkọ mi yóò dúró, yóò kí i síbi tí ewé ti ń mì, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ó padà sórí ìwàásù rẹ̀ àti oko rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú ìjọ ń jókòó sẹ́yìn, ìjókòó iwájú ń ṣófo, nítorí ó ṣòro láti wo ojú rẹ̀ láti ìtòsí.

Àìsàn dá Ìdòwú wó lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó ránṣẹ́ pe ọkọ mi. Èmi náà tẹ̀lé e, mo dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, gbogbo ara mi ti di etí. Mo ní lónìí ni n ó gbọ́ kó tọrọ àforíjì, n ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ìyá mi, ojú mi á sì kúrò nílẹ̀. Ọkọ mi jókòó tì í. Ìdòwú ní, “Òjò kò tíì rọ̀.”

“Yóò rọ̀,” ni ọkọ mi wí. “Ojú ọ̀run ti ṣú lápá Ayétòrò.”

“Ṣé o ti kọ ebè?”

“Ó ku díẹ̀.”

Ìdòwú ní ká ní ara òun le, òun ì bá wá bá a kọ ọ́. Ọkọ mi ní òun mọ̀. Ìdòwú na ọwọ́, ọkọ mi dì í mú títí oorun fi gbé e lọ. Ó kú lọ́sẹ̀ náà, ọkọ mi ló sì wàásù níbi òkú rẹ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀ láti ilé rẹ̀ lọ́jọ́ tó ránṣẹ́ pe ọkọ mi, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, “Ó ránṣẹ́ pè yín, òjò ló bá yín sọ.”

Ọkọ mi ní, “Ó bẹ̀ mí.”

“Bàbá Rúùtù, mo wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn. N kò gbọ́.”

“Èmi gbọ́,” ó ní, ó sì ń rìn lọ níwájú mi.

Òun náà ti lọ báyìí, ẹ mọ ibi tí a sin ín sí lábúlé wa. Ó gbọ́, mo gbà pé ó gbọ́, kì í parọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìyá Ìdòwú, mo dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn yẹn, mo tẹ́tí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Títí di òní tí mo jókòó níwájú yín yìí, n kò tíì gbọ́.